Lẹ́yìn tí kóòtù bá dá ọlọ́pàá sílẹ̀: ibi tí ẹjọ́ ìbọn ti ń bàjẹ́ kó tó dé iwájú adájọ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ará Abẹ́òkúta nígbàkígbà tí ìròyìn bá dé pé ilé ẹjọ́ ti dá ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn sílẹ̀ lómìnira: ta ló wá pa á? Wọn a máa bi ara wọn ní Pánsẹ́kẹ́ àti ní Sápọ̀n, nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, níbi tí èrò máa ń dúró ka àkọlé láìná kọ́bọ̀. Wọn a tún máa bi í lórí rédíò nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní kí àwọn olùgbọ́ pe òun. Òkú wà nílẹ̀, ọta ìbọn wà lára rẹ̀, ọlọ́pàá nìkan ló gbé ìbọn lọ́wọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ adájọ́ ní òun kò rí ẹni tó jẹ̀bi. Létí ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọ̀rọ̀ náà kò bára mu rárá, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbéèrè wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà sí lọ́wọ́ adájọ́ tí gbogbo ènìyàn ń bú. Ó máa ń wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní ilé ìgbókùúsí, ní itẹ́ òkú, àti nínú fáìlì tó ń rìn láti olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Eléwéẹran lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Òkè-Mọ́sàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin ní kí adájọ́ ṣe. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹnikẹ́ni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi, òfin náà kò sì yọ ọlọ́pàá sílẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 wá lé e pé ẹ̀rí tí olùpẹjọ́ bá mú wá gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, ohun mẹ́ta ni ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn: pé ẹni náà kú lóòótọ́, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ló pa á, àti pé olùjẹ́jọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó yọrí sí ikú tàbí ìpalára ńlá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀sùn náà ti wó. Adájọ́ lè sọ ọ́ di ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, èyí tí ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò ṣeé ṣe bí kò bá sí ẹ̀rí pé inú ìbọn olùjẹ́jọ́ yìí gan-an ni ọta ti jáde, pé kì í ṣe inú ìbọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dúró lójú títì. Kò sí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó ń bá adájọ́ jókòó pinnu ẹjọ́ ní ilẹ̀ wa lónìí bíi ti Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ kan ṣoṣo ni, òun nìkan náà ló sì ń gba gbogbo èébú.

Òfin tún fún ọlọ́pàá ní àwọn àwíjàre tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà nínú ìwé. Abala 33 tó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè náà ló ka àwọn ìgbà tí pípa ènìyàn kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí agbára tí wọ́n lò kò bá ju bó ṣe yẹ lọ: láti gba ara ẹni tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìkọlù, láti mú ẹni tó yẹ ní mímú tàbí dènà kí ó sá, àti láti pa rògbòdìyàn. Abala 271 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó gbà kí wọ́n pa afurasí tó ń sá bí ọ̀ràn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń lé e bá lè gbé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méje sókè wá, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti fi mú un. Ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Force Order 237, tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ta kò tipẹ́, orí ọ̀rọ̀ kan náà ló dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ ó wá rí ìdí tí ìtàn àwọn ọlọ́pàá fi máa ń jọra láti ìlú dé ìlú, pé olè ni wọ́n, pé wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn sí wa, tàbí pé ńṣe ni wọ́n ń sá lọ. Bí èyí kò bá ṣeé sọ, wọn a ní ìbọn ló ṣèèṣì yìn. Àwíjàre yìí náà ní àyè tirẹ̀ nínú òfin, nítorí ẹni tí nǹkan bá ṣèèṣì ṣẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó léwu kì í ru ẹ̀bi ọ̀daràn.

Kò sí ẹjọ́ tó fi gbogbo èyí hàn bíi ti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tí ọlọ́pàá pa ní Àpò, ní Àbújá, ní oṣù kẹfà ọdún 2005. Ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan ni wọ́n, òde aláriyá ni wọ́n ti ń bọ̀ lóru. Àwọn ọlọ́pàá ní adigunjalè ni wọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta ló wà lórí àlééfà nígbà náà, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, òun ló sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Olasumbo Goodluck, ìgbìmọ̀ náà sì fi hàn pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ adigunjalè. Gbogbo ènìyàn rò pé ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Ọdún méjìlá ni ẹjọ́ náà lò ní kóòtù. Nígbà tí Adájọ́ Ishaq Bello fi máa ka ìdájọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2017, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá mẹ́fà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti sá lọ. Ó dá ikú fún méjì lórí ikú ẹni méjì tí wọn kò kú lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn yòókù, ó sì dá mẹ́ta sílẹ̀, Danjuma Ibrahim tó jẹ́ ọ̀gá wọn sì wà lára wọn, nítorí pé olùpẹjọ́ kò mú ẹ̀rí tó tó wá. Lẹ́yìn náà, Police Service Commission, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àti ìgbéga ọlọ́pàá, dá ọ̀gá náà padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbé e ga sípò olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá (AIG). Ní ti àwọn mẹ́rin yòókù tó kú, kò sí ẹni tí kóòtù náà dá lẹ́bi ikú wọn. Ìwádìí ìgbìmọ̀ sọ pé wọn kò jalè. Ohun tí adájọ́ nílò ni ẹ̀rí pé lágbájá ló pa tàmẹ̀dù, ìyẹn sì ni fáìlì kò gbé wá.

Báwo ni ẹ̀rí ṣe ń sọnù? Bí ọlọ́pàá bá yìnbọn pa ènìyàn ní àgbègbè Láfẹ́nwá tàbí ní ojú ọ̀nà Ṣágámù, àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ni yóò ṣa ìkarahun ọta nílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọkọ̀ láti tẹ̀. Àwọn ni yóò gbé òkú. Inú ìwé tiwọn ni wọ́n ti kọ irú ìbọn àti iye ọta tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀ràn ní olú ilé iṣẹ́ wọn ní Eléwéẹran, níbi tí IPO, ọlọ́pàá olùwádìí tí wọ́n fi ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, lè ti bá afurasí ṣiṣẹ́ rí, tàbí kí ó tún bá a ṣe é lọ́la. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yóò kéde pé wọ́n ti mú ọmọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti ń fi ojú ìbáwí wò ó. Àwọn ará ìlú yóò pàtẹ́wọ́, ojú yóò sì kúrò níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ló máa ń pinnu ohun tí adájọ́ yóò rí lọ́dún mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn náà. Ọta tí wọn kò bá yọ lára òkú, tí wọn kò sì gbé pẹ̀lú ìbọn lọ sí ibi àyẹ̀wò, kò sí agbẹjọ́rò tó lè dá a padà.

Apá ibi tí ó dunni láti sọ jù lọ kò sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá rárá. Ọwọ́ àwa fúnra wa ló wà. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé àti ti ọ̀dọ́ lọ́dọ̀ wa: kíá ni wọ́n ń gbé e wọlẹ̀, kò sí ìnáwó, àwọn òbí kò gbọdọ̀ mọ ojú oórì. Bí ìdílé bá tún jẹ́ Mùsùlùmí, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ kírun sí i lára. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ òun lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà tún là á? Ìyá ń sunkún, àwọn àgbà ẹbí ní kí a fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì ti gbé ìwé kan wá kí bàbá fọwọ́ sí i pé àwọn kò fẹ́ àyẹ̀wò òkú. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú èyí; ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ìwé tí bàbá fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà ni agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò na sókè ní kóòtù, yóò sì bi olùpẹjọ́ pé, ta ló sọ fún ọ pé ìbọn ló pa á? Òótọ́ ni pé òfin gbà kí kóòtù mọ ohun tó pa ènìyàn láìsí ìwé dókítà bí ó bá hàn gbangba, ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ tí ọlọ́pàá mẹ́ta ti yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó pa á nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Ọta ta ni? Àwọn aláàfáà kan ti ń sọ fún àwọn ìdílé pé ẹ̀sìn kò kọ àyẹ̀wò bí ó bá jẹ́ láti wádìí ẹni tó pànìyàn, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tàn ju bó ṣe tàn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ẹlẹ́rìí. Ẹni tó rí i lè jẹ́ ọlọ́kadà, ìyá tó ń ta àkàrà, tàbí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìjọba yóò ránṣẹ́ pè é, wọn yóò sún ẹjọ́ síwájú nítorí pé adájọ́ lọ sí ìpàdé, wọn yóò tún sún un nítorí pé agbẹjọ́rò kò yọjú, owó ọkọ̀ ń jáde lápò rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tí ó ń lọ jẹ́rìí sí ṣì ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́. Òmíràn ti bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀ jù, wọ́n lè sọ òun náà di afurasí. Nígbà tó bá fi dé iwájú adájọ́, ó ti gbàgbé àwọ̀ aṣọ tí ọlọ́pàá wọ̀, ohun tó sọ ní Eléwéẹran sì yàtọ̀ sí ohun tó ń sọ báyìí. Adájọ́ kò lè kọ etí dídi sí ìyàtọ̀ náà. Òun gan-an ni iyèméjì tí òfin ń wí.

Fáìlì náà yóò ti kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá nígbà kan, lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Òkè-Mọ́sàn fún ìmọ̀ràn àwọn tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí DPP, ìyẹn àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń wò ó bóyá ẹjọ́ wà nínú fáìlì. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé olùjẹ́jọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ májísíréètì, bóyá ní Ìsàbọ̀, èyí tí kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, kìkì kí wọ́n lè rí àṣẹ tì í mọ́lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ ìròyìn ọjọ́ yìí pé "wọ́n ti gbé e lọ sí kóòtù", wọ́n á rò pé ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ará Òkè-Mọ́sàn bá sì rí i pé fáìlì kò ní àyẹ̀wò òkú, kò ní àyẹ̀wò ìbọn, wọ́n lè dá a padà, tàbí kí wọ́n ní kò sí ẹjọ́ nínú rẹ̀. Lábẹ́ abala 211 nínú ìwé òfin, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ láti gba ẹjọ́, láti tẹ̀ ẹ́ síwájú, tàbí láti dá a dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà mìíràn wà, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá kan yìnbọn lu agbẹjọ́rò obìnrin kan tó lóyún ní Àjá, nínú ọkọ̀ tí òun àti ẹbí rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá ẹjọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà. Kò pé ọdún kan. Adájọ́ tí wọ́n lò kò yàtọ̀ sí irú èyí tí a ní ní ilé ẹjọ́ gíga wa ní Kóbapé, òfin tí wọ́n lò kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ẹbí tó wà nínú ọkọ̀ rí i lójú ara wọn, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà wá jẹ́rìí, wọ́n ka ọta tí wọ́n fún un mọ́ èyí tó dá padà, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló léwájú olùpẹjọ́, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ká ní mẹkáníìkì ni ẹni tó kú, ṣé gbogbo èyí yóò ṣẹlẹ̀? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé èrò àwọn tó wà nídìí ìwé ìròyìn ní Sápọ̀n nìyẹn pẹ̀lú.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìrántí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2020, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, Tiyamiyu Kazeem, kú ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Abẹ́òkúta sí Ṣágámù lẹ́yìn tí àwọn SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè nígbà náà, mú un; àwọn tó rí i ní wọ́n tì í jáde kúrò nínú ọkọ̀ ni ọkọ̀ mìíràn fi gbá a, ọlọ́pàá ní Kazeem fúnra rẹ̀ ló bẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Ṣágámù tú jáde, ìbọn tún dún, ìròyìn sì sọ pé ẹ̀mí tún bọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ́de EndSARS gba gbogbo orílẹ̀-èdè, títí kan Abẹ́òkúta, tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá sì tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá. Ìjọba Ògùn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀ lọ sọ tẹnu wọn, ìgbìmọ̀ sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n. Ìmọ̀ràn ló ń fún ìjọba. Ẹni tó bá gbọ́ lẹ́nu ìgbìmọ̀ pé ọlọ́pàá ṣẹ̀, tó sì gbọ́ lẹ́nu kóòtù lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé kò jẹ̀bi, kò lè ṣe kó má rò pé wọ́n ti fowó di ẹnu adájọ́.

Ó tún yẹ kí a rántí pé ọ̀rọ̀ ìbọn ìjọba kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun lábẹ́ ọ̀gá òyìnbó yìnbọn pa àwọn ará Ìjẹmọ̀ tí inú ń bí nítorí àgbàlagbà kan tó kú sí àhámọ́ ìjọba Ẹ̀gbá. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé àdéhùn ọdún 1893 tó fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní òmìnira. Ikú ẹnì kan ní àhámọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbọn ló sì gba ìjọba lọ́wọ́ ìlú.

Ọ̀nà tí àwọn ará New York gbà kojú irú ìdájọ́ báyìí yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Amadou Diallo, ọmọ ilẹ̀ Guinea, ọmọ ọdún 23, ló kú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Bronx ní oṣù kejì ọdún 1999, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá mẹ́rin yin ọta 41 sí i, tí 19 sì bà á. Pọ́ọ̀sì owó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà kúrò ní Bronx lọ sí Albany, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú sì dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ní ọdún 2006, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó Sean Bell, àwọn ọlọ́pàá yin ọta 50 sí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Adájọ́ Arthur Cooperman nìkan ló dá ẹjọ́ náà láìsí ìgbìmọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ó sì dá àwọn mẹ́ta tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2008. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí tako ara wọn, ó sì fi kún un pé ibòmíràn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ àìbìkítà àti àìmọṣẹ́, kì í ṣe kóòtù òun. Ní oṣù karùn-ún, àwọn olùwọ́de dí àwọn afárá ìlú náà, ọlọ́pàá sì mú èyí tó lé ní 200 nínú wọn. Ibi tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ dé ni pé "ibòmíràn" tí adájọ́ wí yẹn ṣiṣẹ́: ìlú náà san owó tó lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ọdún 2010, nígbà tó sì di 2012 àwọn ọlọ́pàá kan pàdánù iṣẹ́ wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù ti dá wọn sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí a ṣe rí i nínú ẹjọ́ Àpò, ìdásílẹ̀ lè di àkàbà ìgbéga.

Kò ní dára kí a kọ gbogbo èyí ká má sọ ti ọlọ́pàá. Àwọn náà ń kú lọ́wọ́ adigunjalè, ìbọn tí wọ́n gbé fún wọn lè ti gbó, àwọn mìíràn lè máà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbọn yínyìn fún ọdún púpọ̀, ẹni tó bá ti dúró lójú títì lóru mọ́jú kì í ronú bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Ẹlòmíràn nínú wọn tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù kò mọ nǹkan kan. Ọ̀gá rẹ̀ ló nílò ẹni tí yóò fi orúkọ rẹ̀ pa àwọn ará ìlú lẹ́nu mọ́. Adájọ́ tó bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi nítorí ariwo Pánsẹ́kẹ́ ti pa ẹlòmíràn kún ẹni tó ti kú. Nítorí náà ni mi ò ṣe lè bá àwọn tó ń sọ pé gbogbo ìdásílẹ̀ ni owó ń bẹ nínú rẹ̀ gbé e.

Bí ìdájọ́ bá wá já báyìí, tí ìdílé kò sì tẹ́ lọ́rùn, ohun tó kù fún wọn kò pọ̀, ó sì ní gbèdéke. Abala 36 kan náà kò gbà kí wọ́n tún gbé ẹni tí kóòtù ti dá sílẹ̀ lọ síwájú kóòtù mìíràn lórí ẹ̀sùn kan náà, àyàfi bí ilé ẹjọ́ tó ga jù bá pàṣẹ rẹ̀. Ìjọba lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìdílé kò lè ṣe é fúnra wọn, nítorí pé nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ni olùpẹjọ́. Ẹlẹ́rìí lásán ni bàbá ẹni tó kú. Ìwọ́de tó bá lọ sí iwájú kóòtù ní Kóbapé lẹ́yìn ìdájọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ló lọ. Òkè-Mọ́sàn ni lẹ́tà yẹ kó lọ, sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, láti béèrè bóyá yóò pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti bí fáìlì náà ṣe dé kóòtù láìní àyẹ̀wò òkú tàbí ti ìbọn. Ìdílé tún lè pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tako ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá lábẹ́ ìlànà ọdún 2009, láti gba owó gbà-máà-bínú. Ẹ̀rí tí irú ẹjọ́ yìí ń béèrè kò tó ti ìpànìyàn. Ó tó bí ẹ̀rí tiwọn bá wúwo ju ti ọlọ́pàá lọ, kò sì pọn dandan kí wọ́n mọ ẹni tó fa ìbọn nínú àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta tó wà lójú títì lọ́jọ́ náà.